Ẹ Dijú fún Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá: Ọ̀rọ̀ lórí Àwọn Fíìmù Ìgbà Àtijọ́ Tó Ń Jáde Báyìí

Ìdánwò kan wà tó rọrùn fún fíìmù Yorùbá tó bá sọ pé ìtàn ìgbà àtijọ́ lòun fẹ́ sọ. Ẹ tan án, ẹ dijú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ kàn máa gbọ́ ọ. Bí ẹ bá lè mọ̀ láìwo àwòrán pé ààfin lẹ wà, pé ọba ló ń sọ̀rọ̀ kì í ṣe ìjòyè, pé ilẹ̀ ti ń ṣú, pé ogun kò jìnnà, ẹ lajú kí ẹ máa gbádùn eré yín. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ohùn àwọn tó dúró sínú yàrá kan náà lẹ ń gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí wọ́n ń sọ Yorùbá tí wọ́n kọ́kọ́ fi Gẹ̀ẹ́sì rò, kò sí aṣọ òkè tó lè gbà wọ́n sílẹ̀.

Láti 2022 ni irú eré yìí ti ń tẹ̀ léra wọn lórí Netflix. Aníkúlápó ló ṣíwájú ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Elesin Oba dé ní oṣù Kọkànlá, Jagun Jagun dé ní oṣù Kẹjọ 2023, ti Gáà àti ti Lísàbí sì bọ́ sí 2024. Owó ti wọlé, kámẹ́rà ti dára, àwọn aránṣọ ti ríṣẹ́ ṣe. Ojú ti rí ohun tó ń wá. Etí ni wọ́n ṣì jẹ ní gbèsè.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan, nítorí òun ló lànà fún àwọn yòókù. Sàró, tí Kúnlé Rẹ̀mí ṣe, ahunṣọ ni. Ó wá oúnjẹ òòjọ́ dé Ọ̀yọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un yìí gbọ́n ju bí ọ̀pọ̀ òǹwòran ṣe rò lọ. Òfì ọkùnrin kì í hun aṣọ fífẹ̀. Fọ́nrán tó fẹ̀ tó nǹkan bí íǹṣì 4 ló ń ti ara rẹ̀ jáde, a ó wá rán wọn mọ́ra wọn létí létí. Ìró tó bá fẹ̀ tó íǹṣì 44 á gba fọ́nrán 11. Nítorí náà, ahunṣọ tó bá jẹ́ àlejò nínú ìlú gbọ́dọ̀ rí ojú kan jókòó sí fún ọjọ́ púpọ̀, kó na òwú rẹ̀ síwájú gbọọrọ, kó wà níbi tí èrò ti ń kọjá. Òǹkọ̀wé kò ní láti wá àwáwí kankan bí obìnrin olówó bá rí i, tí ọ̀rọ̀ sì di ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọkùnrin náà ti bá a ṣe é.

Òfì ní ohùn tirẹ̀ pẹ̀lú. Ẹsẹ̀ á tẹ igi ìsàlẹ̀, ọ̀kọ̀ á fò láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì, igi tí ń gbá òwú mọ́ra á sì dún: ìró mẹ́ta ni, léraléra, bí ẹni ń lùlù jẹ́jẹ́. Ìṣẹ́jú kan péré tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn tó láti lò fún odindi fíìmù. Ṣùgbọ́n àṣà burúkú kan wà nínú eré wa: bí iṣẹ́ ọwọ́ kankan bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ìbáà ṣe aṣọ híhun, ìkòkò mímọ tàbí irin rírọ, orin dùùrù á bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tí wọn kò san kọ́bọ̀ fún ni wọ́n ń fi ohun tí wọ́n sanwó fún pa.

Ẹni tó dá fíìmù náà dúró ní ti èdè ni Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé. Ó mọ ibi tó yẹ kí òun dákẹ́. Obìnrin tó lówó, tó sì ti dàgbà, kì í pariwo bó bá ń bínú. Ó máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn ni, á sì fi ìbéèrè dáhùn ìbéèrè. Àwọn ọ̀dọ́ òṣèré tó wà láyìíká rẹ̀ ń sáré sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ẹ fi wọ́n síra, ẹ ó gbọ́ ìyàtọ̀.

Ti ẹyẹ àkàlà tó jí Sàró dìde nínú ikú ńkọ́? Kọ̀ǹpútà ló yà á, ó sì hàn. Àkàlà gidi wúwo, ilẹ̀ ló ti ń fẹsẹ̀ rìn ju kó fò lọ, ohùn rẹ̀ sì jinlẹ̀ bí ìlù tí wọ́n ń lù lókèèrè. Nígbà tí ẹyẹ inú àwòrán bá dà bí ẹni tí kò ní ìwọ̀n, ojú á mọ̀ kí ọpọlọ tó mọ̀. Bí owó kò bá tó láti ya ẹyẹ tó wúwo, ọgbọ́n tó kù ni ká má fi í hàn púpọ̀: òjìji rẹ̀ lára ògiri, ìró ìyẹ́, ohùn rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ẹ̀rù ohùn pọ̀ ju ẹ̀rù àwòrán lọ, ó sì dínwó. Fíìmù náà gùn ní ìṣẹ́jú 142. Ní tèmi, 20 nínú rẹ̀ lè jáde láìsí ẹni tí yóò béèrè wọn. Eré alápá mẹ́fà tó tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹta 2024 tún na ọ̀rọ̀ náà sí i, Sàró sì di àkúdàáyà. Ohun tó dára níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òṣèlú ààfin. Ohun tí kò dára ni pé gbogbo apá ló ń parí bí ẹni tí wọ́n gé lọ́rọ̀ lẹ́nu.

Jagun Jagun yàtọ̀. Fẹ́mi Adébáyọ̀ ló gbé e jáde, Adébáyọ̀ Tìjání àti Tọ́pẹ́ Adébáyọ̀ Sàlámì ló darí rẹ̀. Ìjà ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìjà náà sì mọ́ lójú. Àmọ́ apá tó yẹ kí etí dúró sí ni ọfọ̀. Gbọ́tìjà, tí Lateef Adédiméjì ṣe, ní àṣẹ lórí igi. Bí kò bá mọ ọfọ̀ ọ́n pè, agbára náà kò sí níbẹ̀. Ọfọ̀ ní egungun tirẹ̀. A ó pe nǹkan lórúkọ, a ó sọ ìwà rẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, a ó wá fi ìwà náà di ẹni tí a ń ṣe é sí. Ìró orúkọ ló máa ń bí iṣẹ́: ewé gbégbé ni a ń pè kí nǹkan lè gbé. Nítorí náà ọfọ̀ kò ṣeé sọ pẹ̀lú igbe láti òkè dé ilẹ̀. Ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀, kó yára níbi tí wọ́n ti ń to ẹ̀rí jọ, kó sì dúró gbọnin lórí ọ̀rọ̀ ìṣe tó gbẹ̀yìn. Òṣèré tó bá ń ké láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kò ní ibi tí yóò gbà gun òkè mọ́. Adédiméjì mọ èyí. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ju ọfọ̀ nínú àwọn eré wọ̀nyí ló mọ̀ ọ́n.

Àti idà. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiṣẹ́ ohùn nínú eré àgbéléwò, ẹ jọ̀wọ́, àkọ̀ idà Yorùbá, awọ ni. Irin tó bá jáde látinú awọ kì í dún gaan-an bí agogo. Ìró gbígbẹ, tó kúrú, bí ẹni fa bẹ́líìtì yọ lára ṣòkòtò, ni ó ń ṣe. Ìró agogo yẹn, inú àpótí ìró tí wọ́n ń rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti wá, fún fíìmù àwọn ológun ilẹ̀ Yúróòpù tó wọ irin ni wọ́n sì ṣe é. Bí ogójì ènìyàn bá fa idà yọ lẹ́ẹ̀kan náà tí gbogbo rẹ̀ ń dún bí ṣíbí nínú àwo, ogun ti di ilé ìdáná.

Ti ẹṣin pẹ̀lú rí bẹ́ẹ̀. Agbára Ọ̀yọ́ wà nínú ẹṣin, láti ìhà àríwá ni wọ́n sì ti ń rà á. Nínú igbó kìjikìji, irù, eṣinṣin tó ń gbé àìsàn sí ẹran lára, kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé. Ìdí kan pàtàkì nìyẹn tí ọwọ́ Ọ̀yọ́ fi rọ̀ bó ṣe ń wọ gúúsù. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá ń wo Lísàbí.

Lísàbí Agbòǹgbò Àkàlà, akọni Ẹ̀gbá, ni Níyì Akínmọ́láyàn fi ṣe fíìmù tó jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2024. Apá kejì tẹ̀ lé e ní oṣù Kìíní 2025. Nínú gbogbo wọn, òun ni ìtàn rẹ̀ dúró jù, nítorí pé àrékérekè tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ti iṣẹ́ oko. Àáró ni. Bí ọkùnrin mẹ́wàá bá ṣe àáró, gbogbo wọn á lọ sí oko ẹnì kan lónìí, oko ẹlòmíràn lọ́la, títí tí yóò fi kárí. Ẹni tó bá jẹ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ san iṣẹ́ padà. Ẹgbẹ́ tó ń pàdé pẹ̀lú àdá àti ọkọ́, tí olúkúlùkù mọ ojúṣe rẹ̀ sí ẹnìkejì, tí kò sì sí ẹni tó lè bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe pẹ̀lú irin lọ́wọ́, ọmọ ogun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Lísàbí kàn yí i padà ni. Àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́ tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ láàárín wọn kò rí nǹkan kan àfi àgbẹ̀.

Fíìmù náà gbé èyí kalẹ̀ dáadáa fún ojú. Fún etí, mo ń fẹ́ orin iṣẹ́ púpọ̀ sí i. Iṣẹ́ àáró kì í dákẹ́. Orin ló ń mú kí ọkọ́ mẹ́wàá bọ́ sílẹ̀ pọ̀, orin kan náà ló sì lè di àmì láàárín wọn láìjẹ́ pé ìlàrí fura. Mo tún ń fẹ́ ẹ̀ka èdè Ẹ̀gbá. Yorùbá àjùmọ̀lò dára kí ọmọ Èkìtì àti ọmọ Kwara lè gbọ́ ọ, ó yé mi. Àmọ́ ìtàn àwọn tó ń jà láti bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́ ni. Bí ẹni tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ àti ẹni tó ń san án bá ń sọ èdè tó rí bákan náà gẹ́lẹ́, a ti pàdánù ìdajì ìjà náà. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ kò le: kí àwọn Ẹ̀gbá máa sọ ti Ẹ̀gbá láàárín ara wọn, kí wọ́n bọ́ sí ti Ọ̀yọ́ bí ìlàrí bá ti wọlé. Òǹwòran á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹ̀rù ti wọ yàrá.

House of Ga'a ti Bọ́lánlé Austen-Peters jáde ní oṣù Keje 2024, Fẹ́mi Branch sì ni Baṣọ̀run. Ìtàn náà kò nílò àlàyé púpọ̀. Láti 1754 títí dé 1774 ni Gáà fi ń fi Aláàfin jẹ, tó sì ń pa wọ́n, kí Aláàfin Abíọ́dún tó borí rẹ̀. Ẹni tí kò ka ìtàn rí náà mọ ọ̀rọ̀ tó kù nílẹ̀: bí o láyà kí o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o sọ òótọ́. Branch ṣe é bí àgbà tí ara ti ń kọ̀ fún ṣùgbọ́n tí ahọ́n rẹ̀ ṣì mú, ìyẹn sì dára ju ìkà tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹlẹ́ya lọ.

Ibi tí ìtàn Gáà ti le jù fún ẹni tó ń túmọ̀ ni orúkọ ọmọbìnrin Abíọ́dún. Agbọ̀nyín ni wọ́n ń pè é. Gáà nílò ẹran agbọ̀nyín fún oògùn, kò rí i, ó sì ní Agbọ̀nyín ni Agbọ̀nyín, ó fi ọmọ náà dípò ẹran. Ìkà náà wà nínú ìró ọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán, ìyẹn subtitle, bá kọ orúkọ ọmọ náà síbi kan, tó wá kọ orúkọ ẹran lédè Gẹ̀ẹ́sì síbòmíràn, òǹwòran tí kò gbọ́ Yorùbá á rò pé wèrè lásán ni ọkùnrin náà ya. Kò rí i pé òfin ló ń fi ṣe ẹlẹ́yà, pé ó mú ẹnu ọba so ọrùn ọmọ ọba. Ọ̀nà àbáyọ kan wà: kí wọ́n fi orúkọ ẹran náà sílẹ̀ ní Yorùbá láti ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀, kí òǹwòran fúnra rẹ̀ pàdé ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Níwọ̀n ìgbà tí a ti dé sáà Gáà, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí àwọn nǹkan kéékèèké tó máa ń tú àṣírí eré. Owó ẹyọ ṣáájú. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sókùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ 2,000, ẹgbàá nìyẹn. Ẹgbàá mẹ́wàá ló di ọ̀kẹ́ kan, 20,000. Ẹrù orí gidi ni ọ̀kẹ́ kan. Bí ìjòyè bá fa àpò kékeré tó tó ìkúùkù yọ láti fi ra ẹrú tàbí ẹṣin, owó ọjà ata ló mú dání. Oúnjẹ tẹ̀ lé e. Iyán àti ọkà ni kí ẹ wò. Ẹ̀bà kò tíì dé orí ìkòkò ìgbà yẹn, nítorí gbágùúdá láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni, ìgbà tí àwọn tó ti Brazil padà wá ń kọ́ni bí a ṣe ń dín gààrí ló tó tàn ká, ìyẹn sì di ọ̀rúndún 19. Ní ti aṣọ, àdìrẹ tó mọ́lẹ̀ dan-dan náà ti pẹ́ jù fún Gáà. Orí aṣọ funfun tí ilé-iṣẹ́ Yúróòpù hun ló ti gbilẹ̀. Sányán, àlàárì, ẹtù àti kíjìpá kò lè ṣini lọ́nà. Ànkárá ni kí ẹnikẹ́ni má dábàá rẹ̀.

Èyí tó burú jù nínú àwọn nǹkan kéékèèké wọ̀nyí kì í ṣe ohun tí a lè rí. Àkókò ni. Ìjòyè tó ń gbé láyé ṣáájú aago kò lè sọ pé kí wọ́n fún òun ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí n tó pajú pẹ́, kí iṣu tó jinná, nígbà tí oòrùn bá kan àtàrí, ní ìyálẹ̀ta: gbogbo wọn wà nílẹ̀, wọ́n sì dùn lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ Yorùbá, ọrún ni, ọjọ́ márùn-ún bí wọ́n ṣe ń kà á, láti ọjọ́ ọjà sí ọjọ́ ọjà. Ìgbìmọ̀ Ọ̀yọ́ Mèsì kì í “mú ìpinnu”. Wọ́n máa ń fẹnu ọ̀rọ̀ jóná ni. Kò sí ọmọ ọba tó ń “gba àkókò rẹ̀”. Ó lè fara balẹ̀. Irú gbólóhùn wọ̀nyí ń wọlé nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ìwé eré sílẹ̀ kí àwọn tó ń náwó lè kà á, wọ́n á wá túmọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ ìyàwòrán, pẹ̀lú oòrùn lórí, tí olùdarí ń kígbe pé ilẹ̀ ń ṣú. Àrùn náà ní oògùn: kí wọ́n gba àgbà kan tó mọ èdè, kí ó ka gbogbo ọ̀rọ̀ inú eré náà sókè ketekete ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kí kámẹ́rà tó ṣiṣẹ́, kí òṣèré sì kọ́ èyí tó bá tún ṣe. Ẹ wo bí owó aṣọ ṣe tó. Owó àgbà yìí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Elesin Oba wà ní ipò tó ṣàrà ọ̀tọ̀. Ìtàn ẹlẹ́ṣin ọba tó gbọ́dọ̀ bá ọba rẹ̀ kú ni, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lẹ́yìn ikú Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù ní 1944 sì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Dúró Ládípọ̀ ti fi Yorùbá ṣe é lórí ìtàgé ní 1964, Ọba Wàjà. Wọlé Ṣóyínká fi Gẹ̀ẹ́sì kọ tirẹ̀ ní 1975. Akínwùmí Ìṣọ̀lá tún dá ti Ṣóyínká padà sí Yorùbá ní 1994. Nígbà tí Bíyì Bándélé fẹ́ fi ṣe fíìmù, ọ̀rọ̀ náà ti rìnrìn àjò lọ-bọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó kú ní oṣù Kẹjọ 2022, oṣù kan ṣáájú kí wọ́n tó kọ́kọ́ fi í hàn ní àjọ̀dún fíìmù Toronto. Ọ̀dúnladé Adékọ́lá, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí aláwàdà, ni Ẹlẹ́ṣin. Ìyàn tó dára ni, nítorí Ẹlẹ́ṣin gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ayé dùn mọ́. Ibi tí ó ti ń ṣeré, tó ń fi ọ̀rọ̀ dá àwọn ìyálọ́jà lára yá, kò sí ìṣòro. Ibi tí fíìmù náà ti ń sáré jù ni apá tí Ẹlẹ́ṣin ti ń ré kọjá sí ọ̀run, nígbà tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ lójú ijó. Níbẹ̀, ìlù ló yẹ kó máa bá a sọ̀rọ̀, ìbéèrè àti ìdáhùn, kó pẹ́ títí ara òǹwòran yóò fi máa ro ó. Ìṣẹ́jú 96 ni gbogbo fíìmù. Èyí nìkan ni mo máa ní kí wọ́n fi kún.

Kí ló dé tí ohùn ọba fi máa ń dún bí ẹni tó wà nínú àpótí? Ìlẹ̀kẹ̀ ni. Maikirofóònù kékeré tí wọ́n ń fi pa mọ́ sí àyà òṣèré dára fún ẹni tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì. Lára ẹni tó fi iyùn bọrùn sí ọ̀nà mẹ́rin, tó tún wọ agbádá tó le, gbogbo mímí rẹ̀ ló ń họra. Wọ́n á wá sọ ohùn náà nù, wọ́n á tún un gbà nínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀ tí kò ní afẹ́fẹ́. Ẹ ó mọ irú ohùn bẹ́ẹ̀: ẹnu wà ní gbàgede, ohùn wà ní kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń fi ọ̀pá gígùn gbé maikirofóònù sókè orí òṣèré, ní ìta ojú kámẹ́rà, wọ́n á sì fi kékeré náà pa mọ́ sínú fìlà tàbí abẹ́ gèlè. Wọ́n á tún gba ìdákẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀ fún ìdajì ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan, kí gbogbo ènìyàn dúró jẹ́ẹ́, kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà. Bí wọ́n bá tiẹ̀ tún ohùn gbà lẹ́yìn náà, wọ́n á rí afẹ́fẹ́ gbàgede náà tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Adé tó ní ìbòjú ìlẹ̀kẹ̀ ń ranni lọ́wọ́ gan-an, ẹnu ọba kò hàn, ohùn tuntun kò sì ní láti bá ètè mu. Àwọn kan ti mọ ọgbọ́n yìí, ìdí nìyẹn tí ọba fi máa ń bo ojú ní ibi tí kò yẹ.

Ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní subtitle, ní òfin tí kò ṣojú rere fún Yorùbá. Lórí Netflix, ìlà kan kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 42 lọ, ìlà kò gbọdọ̀ ju méjì lọ, kò sì gbọdọ̀ dúró ju ìṣẹ́jú àáyá 7 lọ. Ẹ jẹ́ ká gbà pé lẹ́tà 84 ni gbogbo àyè tó wà. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 7 yẹn, akígbe tó mọṣẹ́ ti ki oríkì ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún, orúkọ ìlú wà níbẹ̀, orúkọ baba ńlá wà níbẹ̀, àwàdà wà níbẹ̀. Nǹkan gbọ́dọ̀ jáde. Ikú bàbá yèyé, aláṣẹ èkejì òrìṣà á di ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n fi ń kí ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ilé, ẹ kú ewu, ẹ kú ìrọ́jú, gbogbo rẹ̀ á di ìkíni kan ṣoṣo. Mi ò dá olùtumọ̀ lẹ́bi. Àmọ́ olùdarí tó bá mọ òfin yìí á fún oríkì láyè, á jẹ́ kí akígbe mí láàárín ìlà kan sí èkejì, kí ọ̀rọ̀ lè rí ààyè tẹ̀ lé e.

Fún ẹni tó gbọ́ èdè, ẹ pa á. Bí fíìmù náà bá ń lọ lọ́wọ́, ẹ tẹ ojú fóònù lẹ́ẹ̀kan, ẹ wá àmì tó dà bí ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu jáde, ẹ yan Yorùbá lábẹ́ ohùn, ẹ sì pa subtitle. Ẹ rí i dájú pé kì í ṣe ohùn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tún gbà lé e lórí ni fóònù yín ti yàn fúnra rẹ̀. Fún àwọn ọmọ tó wà ní London tàbí Houston tí Yorùbá wọn kò jinlẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ìran kan pẹ̀lú ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán, kí wọ́n tún un wò láìsí i. Ẹnu á yà yín sí ohun tí wọ́n máa gbọ́ ní ìgbà kejì. Ní ti dátà, Netflix ń jẹ tó 0.3 GB ní wákàtí kan bí ẹ bá fi í sí ìpele tó kéré jù, 0.7 GB ní ìpele àárín, àti tó 3 GB bí àwòrán bá mọ́ kedere. Aníkúlápó ní ìpele àárín á gba nǹkan bí 1.7 GB. Bí ẹ bá rí Wi-Fi, ẹ gbà á sílẹ̀ ṣáájú. Ohùn Netflix sì máa ń rẹlẹ̀ ju ti YouTube lọ, ìlànà tiwọn ni. Bí ẹ bá ti gbé fọ́lúùmù sókè fún un, ẹ rántí gbé e wálẹ̀ kí ẹ tó bọ́ sí YouTube lóru, kí alábàágbé má baà fò dìde.

Ṣókí lórí àwọn mìíràn. Seven Doors, eré alápá mẹ́fà tí Fẹ́mi Adébáyọ̀ gbé jáde ní oṣù Kejìlá 2024, ní ọba tó gbọ́dọ̀ fẹ́ ìyàwó lé ìyàwó, Chioma Chukwuka sì ni olorì tó ń wo ilé rẹ̀ bó ṣe ń kún. Ìran tó dára jù nínú rẹ̀ ni àwọn tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Mami Wata ti C.J. Obasi kì í ṣe ti Yorùbá, Pidgin àti Fọ̀n ni wọ́n ń sọ, orílẹ̀-èdè Benin ni wọ́n ti yà á. Dúdú àti funfun ni gbogbo rẹ̀, Lílis Soares ọmọ Brazil ló sì di kámẹ́rà mú. Ẹ wò ó láàárín òru, kí ẹ gbọ́ òkun.

My Father's Shadow ti Akínọlá Davies Jr. kì í ṣe ìtàn ọba, Èkó ní ọdún 1993 ni, ní àsìkò ìbò June 12. Baba kan mú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì wọ Èkó láti lọ béèrè owó oṣù tí wọ́n jẹ ẹ́. Ó wọ ètò àjọ̀dún fíìmù Cannes ní 2025. Ẹ dijú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá bó ti wù kí ẹ ṣe é: baba náà ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ ní èdè kan, ó ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ ní òmíràn, ó tún yí padà níwájú ọ̀gá. Yorùbá, Pidgin, Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ẹni tó ń ṣàlàyé ìdí. Ohun tí mo ń bẹ àwọn tó ṣe Lísàbí fún ni àwọn wọ̀nyí ti ṣe ní ìgboro Èkó.

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ bí ó ti yẹ kí ìlù ṣe nínú eré, kó padà sí Ṣaworoidẹ, èyí tí Túndé Kèlání ṣe ní 1999 láti ọwọ́ ìkọ̀wé Akínwùmí Ìṣọ̀lá. Ṣaworo ni agogo wẹ́wẹ́ tí wọ́n so mọ́ ìyáàlù létí, idẹ ni wọ́n fi rọ ọ́. Nínú ìtàn náà, ọba tí kò bá búra, tí adé sì wà lórí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá lu ìlù yẹn, orí fífọ́ ló máa pa á. Ìlù kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ níbẹ̀. Òun ni òfin ìlú. Kò sí ẹyẹ kọ̀ǹpútà, kò sí ẹṣin ogún. Ẹ kàn ń gbọ́ ṣaworo lókèèrè, ẹ ń wo ojú ẹni tó dé adé, ẹ sì ń kà á bóyá ó ti ń sún mọ́ tòsí.